Òrùka Méje Lórí Ọ̀pá Dókítà

Ká ní Màmá, ìyàwó Dókítà, bá mi jà lọ́jọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn fún mi. Mo mọ ìjà á jà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sí irú oníbàárà tí kò tíì wá pariwo lé mi lórí, mi ò sì wá èsì tì rí. Ṣùgbọ́n Màmá ò pariwo. Wọ́n wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n kí mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi níkọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tú aṣọ tí wọ́n fi wé ọ̀pá ìpẹja ọkọ wọn, wọ́n sì rọra gbé e lé orí tábìlì mi.

"Mọ́rẹ́nikẹ́, Dókítà ní kí o bá àwọn wá ẹni tó máa rà á."

"Ẹ̀n? Ọ̀pá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán? Kí ló tún ṣe é, Màmá?"

"Kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ dára púpọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló ti kú."

Dókítà tí à ń sọ yìí ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ilé wọn ò sì jìnnà sí ọsibítù ńlá Ìdí-Àràbà. Ní ọdún tó ṣáájú, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu náà já gaara, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, kò lágbára. Àwọn tó ń tọ́jú wọn fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́. Dókítà sọ bọ́ọ̀lù náà mọ́ ògiri, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà láti fi ọwọ́ yẹn ṣe ni ẹja pípa, ọ̀pá kan ṣoṣo tí ọwọ́ yẹn sì lè gbé ni èyí tó wà lórí tábìlì mi.

Màmá jókòó, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún mi. Àwọn àti Dókítà lọ sí etí ọ̀sà lápá Àkọkà, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ Dókítà ti máa ń pẹja.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ju okùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Orí ọ̀pá ń gbọ̀n, ọwọ́ ń gbọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń wojú omi bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn wá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn jù ú. Ibẹ̀ ló parí sí. Láti ìgbà tí a ti délé, wọn ò fi ọwọ́ ọ̀tún gbé nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi jẹ ẹ̀bà lánàá, Mọ́rẹ́nikẹ́. Ọwọ́ òsì!"

Mo gbé ọ̀pá náà, mo fì í lẹ́ẹ̀kan. Orí rẹ̀ ṣubú wá sílẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé. Ohun tí mo ti kọ̀ láti rí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ló dúró sí mi lọ́wọ́ yìí. Ọwọ́ Dókítà ò kú rárá. Èmi Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mo pa ọ̀pá wọn.

Ṣé mo sọ ọ́? Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, màá wá ẹni tó máa rà á." Ẹ bú mi tó bá wù yín. Mo ti bú ara mi ṣáájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé apẹja ni mí. Apẹja kẹ̀! Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Mushin ni wọ́n bí mi sí, omi tí mo mọ̀ jù láyé mi ni omi inú kẹ́ẹ̀gì. Iṣẹ́ kọ́ìlì ni mo kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Tí fáànù tàbí pọ́ńpù omi bá jó, àwa la máa ń tú wáyà bàbà inú rẹ̀, a ó fi iná àti irin nu gbogbo ihò rẹ̀ títí á fi máa dán, a ó wá wé wáyà tuntun sí i. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá mi fi ń nà wá létí: kí o tó gé wáyà àtijọ́, kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá kà á ṣáájú, kò sí ibi tó ti máa rí i kà mọ́.

Fáànù náà ló gbé Ẹ̀gbọ́n Ràsákì wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, etí omi ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn Tejúoṣó ní Yábàá tí wọ́n ti ń tún ọ̀pá ìpẹja ṣe. Wọ́n dúró lé mi lórí, wọ́n ń wo bí mo ṣe ń wé wáyà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọwọ́ yìí ń ṣòfò lórí fáànù." Mo ní kí wọ́n sanwó fáànù wọn kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀rín pa wọ́n. Kò pé oṣù kan tí mo fi ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ láti kọ́ṣẹ́.

Ọ̀pá tí mò ń sọ yìí kì í ṣe igi lásán tí wọ́n so okùn mọ́ lórí. Ó ní ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí okùn wé mọ́, abẹ́ ibi ìdìmú ló máa ń wà. Láti ibi ríìlì dé orí ọ̀pá, òrùka irin ló tò lọ, inú wọn ni okùn ń gbà kọjá. Tí èèyàn bá ju òjé tí wọ́n so mọ́ ẹnu okùn sómi, okùn kì í jáde lára ríìlì gbọnrangandan. Ńṣe ló ń tú jáde ní ìkákò, tó ń fò sọ́tùn-ún sósì. Òrùka àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tóbi kó lè gbà á mọ́ra, èkejì á kéré sí i, ẹ̀kẹta á tún kéré sí i, títí okùn á fi fara balẹ̀ dé orí ọ̀pá. Tí àkọ́kọ́ bá kéré jù, tàbí tó bá sún mọ́ ríìlì jù, okùn á máa lù ú pà-pà-pà, òjé ò sì ní í lọ jìnnà. Òwú la fi ń so ẹsẹ̀ òrùka kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ọ̀pá, a ó wé e ní wíwé tí ọ̀kan ò gbọdọ̀ gun èkejì, a ó wá fi fáníṣì bò ó. Wíwé náà ni mo ti ń ṣe láti kékeré, àfi pé òwú ló gba ipò wáyà.

Àwọn oníbàárà wa kì í ṣe àwọn tó ń fi àwọ̀n pẹja tà. Àwọn yẹn ń fi wá rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń pẹja fún fàájì ni tiwa: òṣìṣẹ́ báńkì, pásítọ̀ kan báyìí, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á lo odindi ọjọ́ lẹ́bàá omi, wọ́n á mú epìyà kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á sì dá a padà sínú omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé wọ́n ń dá a padà, mo ní, "Ṣé orí wọn pé?" Ẹ̀gbọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé, àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wa nìyẹn.

Ohun tí gbogbo wọn sì máa ń béèrè kò yàtọ̀. "Àǹtí, ẹ fi òrùka tó nípọn sí i. Ẹ fi èyí tó lágbára sí i." Mo wá kó òrùka òde òní jọ, onírin ńlá, tí ojú rẹ̀ jẹ́ tánganran níbi tí okùn ń gbà. Okùn kankan ò lè gé e láéláé. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ògiri tó ń sọ ibi tí òrùka kọ̀ọ̀kan máa wà, méje lórí ọ̀pá kan. Fún àwọn ọ̀pá tuntun tó le gbagidi, ìwé yẹn ò purọ́ rí.

Ọ̀pá Dókítà kì í ṣe ọ̀pá tuntun. Ìgbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun ni wọ́n rà á, ó ti lé ní ogójì ọdún. Fáíbà àtijọ́ ni, pupa rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tín-ínrín, ó rọ̀ láti orí dé ìdí. Òrùka márùn-ún péré ló wà lórí rẹ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò wúwo ju ìyẹ́ lọ. Okùn ti gé ojú wọn, òwú ìdí wọn sì ti jẹrà. Lọ́jọ́ tí Dókítà gbé e wá, wọ́n ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣe é kó rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Á ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo gé òwú àtijọ́, mo kó òrùka kúrò. Níbi tí òwú ti bò ó láti ogójì ọdún, oòrùn ò rí i, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyókù. Ojú àmì márùn-ún, gedegbe. Lójú ọmọ oníkọ́ìlì, kí ni ìyẹn bí kò ṣe ìdọ̀tí? Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni pé kí n nu nǹkan títí á fi máa dán kí n tó wé tuntun sí i. Mo mú sán-pépà tó kúnná jù, mo rẹ ẹ́ sómi, mo yún gbogbo ara ọ̀pá náà títí tó fi di àwọ̀ kan. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn láti kọ nǹkan kan sílẹ̀, ṣebí ìwé wà lára ògiri. Mo fi òrùka olójú tánganran méje sí i, mo wé òwú mọ́ ọn le koko bí ìgbà tí mo ń wé mọ́tò pọ́ńpù, mo kùn ún ní fáníṣì ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ń dán bíi dígí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sí WhatsApp, gbogbo ènìyàn ń kí mi kú iṣẹ́. Inú mi dùn títí ara mi ń yá gágá.

Ọ̀pá tó wá di ti Dókítà nìyẹn o. Ẹrù ti wà lórí rẹ̀ tí ọwọ́ aláìsàn ò lè gbé, òwú líle àti fáníṣì sì ti sọ ohun tó rọ̀ di nǹkan gbígbẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ó ń dán, wọ́n rò pé ara àwọn ló kù. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní iṣẹ́ mi burú lójú ni, wọn ì bá bú mi, ọkàn wọn ì bá sì fúyẹ́.

Nígbà tí Màmá lọ tán, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ọ̀pá náà, mo gba Yábàá lọ.

Ojú Ẹ̀gbọ́n Ràsákì ti ń ṣú báyìí, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò nílò ojú. Wọ́n gbé ìdí ọ̀pá náà lé orí ìka kan, orí rẹ̀ já sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ara rẹ̀ láti ìdí dé orí, wọ́n tún pa á.

"Ta ló gbé irin rélùwéè sórí ọ̀pá ọmọlúàbí yìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Àmì ibi tí òrùka wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti yún un kúrò."

Wọ́n gbé ọ̀pá náà lé itan wọn. Wọ́n wá ní, "Ìwọ! Ọmọ oníkọ́ìlì! Ìwọ tó máa ń ka wáyà bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà!"

Ojú tì mí dé ibi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi rántí ibi tí òrùka máa ń wà lórí irú ọ̀pá yẹn. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn fẹ́ rántí, kò sí méjì lára irú wọn tó rí bákan náà.

"Tẹ̀ ẹ́. Fi nǹkan kọ́ ọ lórí, kó tẹ̀. Ibi tó bá ti tẹ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ló ń fẹ́ òrùka. Tépù ni kó o fi lẹ̀ ẹ́, má tíì mú òwú. Àwọn òrùka rẹ̀ àtijọ́ dà? Ṣé o ti kó wọn fún àwọn tó ń ra irin?"

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àwa oníkọ́ìlì kì í da irin nù. Mo ti kó wọn sínú agolo mílíìkì kan, mo sì gbé e dání. Ẹ̀gbọ́n fi èékánná yí ojú òrùka kọ̀ọ̀kan ká.

"Ibì kan ṣoṣo ni okùn ti gé. Ọ̀pá irú èyí, tó bá tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ọ̀pá ni okùn máa ń rọ̀ mọ́. Ìyókù ojú rẹ̀ ṣì mọ́ lóló. Yọ́ òjé tó so ojú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, yí ojú rẹ̀ padà, kí ibi tó gé kọjú sí ọ̀pá. Iṣẹ́ òjé nìyẹn. Ṣé o ò mọ iṣẹ́ òjé ni?"

Mo mọ iṣẹ́ òjé. Mo ti ń yọ́ òjé kí n tó mọ irun dì. Mo dìde, mo ń dúpẹ́, mo fẹ́ máa lọ, ni wọ́n bá ní, "Kí lo sọ fún Dókítà?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ṣé ọ̀pá wọn lo fẹ́ tún ṣe ni, àbí orúkọ ara rẹ?"

Inú bí mi. Mo bínú títí mo fi dé Ojúẹlẹ́gba, kí n tó gbà pé èmi gan-an ni mò ń bínú sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà mí. Mo tú òrùka méje kúrò, mo fi ìdí abẹ rọra họ fáníṣì nù, mi ò jẹ́ kí sán-pépà sún mọ́ ọn. Mo fi irin gbígbóná yọ́ òjé ìdí àwọn òrùka àtijọ́, mo yí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún fi òjé mú wọn. Mo wá fa òwú rírọ̀ tí wọ́n fi ń nu egbò gba inú wọn kọjá. Tí ibì kan bá ṣì wà lójú òrùka tó lè gé okùn, fọ́nrán òwú á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Kò sí èyí tó ṣẹ́ kù.

Mo de ìdí ọ̀pá mọ́ etí tábìlì, mo lẹ òrùka márààrún mọ́ ọn pẹ̀lú tépù oníwèé, mo fa okùn gba inú wọn, mo wá so omi inú ọ̀rá kan mọ́ ẹnu okùn. Ọ̀pá tẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya bó ṣe tẹ̀ sára ògiri. Láàárín òrùka kejì àti ìkẹta, okùn gé kọjá tààrà, ó jìnnà sí ọ̀pá bí ẹni tó ń bá a jà. Mo sún ìkẹta. Ibòmíràn tún bàjẹ́. Mo sún ìkẹrin. Bí mo ṣe ń sún wọn ni mo ń nu ṣọ́ọ̀kì, mo ń tún un yà, títí ògiri mi fi di ìyàlẹ́nu fún àwọn tó ń kọjá. Lọ́jọ́ kẹta, okùn bá ọ̀pá tẹ̀ pọ̀ láti ìdí dé orí, kò sí ibi tí wọ́n ti pínyà. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Mo fi bírò kọ ibi tí òrùka kọ̀ọ̀kan wà sórí tépù, mo tún kọ ọ́ sínú ìwé, mo tún kọ ọ́ sínú fóònù.

Ó ku òrùka ńlá àkọ́kọ́. Ìyẹn ò ṣe é fi omi ọ̀rá mọ̀, jíjù ló ń sọ ibi tó yẹ kó wà. Mo lọ sí pápá iléèwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mo so òjé mọ́ okùn láìsí ìwọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sórí koríko. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ibẹ̀ wá bá mi.

"Àǹtí, ẹja wo ló wà nínú koríko?"

"Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tara mi."

Ó ń lọ dáadáa lọ́wọ́ mi. Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ tèmi ti fa wáyà bàbà láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ọ̀pá tí kò ní í jù. Ọwọ́ tí ọ̀pá yìí wà fún nìkan ló lè sọ òótọ́. Nínú iṣẹ́ wa, oníbàárà kì í rí iṣẹ́ tí kò tíì parí, ìwà ẹ̀gbin ni, wọ́n á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbé ọ̀pá onítépù náà, ó rí bí ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì wé lára, mo kọjú sí Ìdí-Àràbà.

Wọ́n ti fa kọ́tìnnì dí fèrèsé pálọ̀. Dókítà jókòó sórí àga, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ṣé o ti rí ẹni tó máa rà á?"

"Rárá o, sà. Dókítà, ọwọ́ yín ò kú. Èmi ni mo ba ọ̀pá yín jẹ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti àmì tí mo yún kúrò, àti irin méje, àti fọ́tò tí mo fi ń yangàn. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Mọ́rẹ́nikẹ́, o ṣeun. Ṣùgbọ́n dókítà ni mí. Irú irọ́ yìí, mo ti pa á fún àwọn aláìsàn ju bó o ṣe rò lọ."

Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí mo ti fi odindi ọjọ́ mẹ́rin sá fún òótọ́, nígbà tí mo wá sọ ọ́, wọn ò gbà á gbọ́. Ara mi wá gbóná. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ ò bá gba ẹnu mi gbọ́, ẹ gba ojú yín gbọ́." Mo di ọ̀pá náà mú ní ìdí níwájú wọn, ó dúró gbọnrangandan. Mo bẹ Màmá kí wọ́n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn òrùka olójú tánganran tí mo kó dání, kí wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀. Màmá lẹ̀ ẹ́. Orí ọ̀pá wálẹ̀. Màmá lẹ èkejì. Ó tún wálẹ̀ sí i.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n sún síwájú lórí àga.

"Méje irú èyí?"

"Méje, sà."

"Lórí ọ̀pá mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ obìnrin yìí, o mà burú o!" Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó kún pálọ̀, Màmá sì wojú mi, omi ti lé ròrò sí wọn lójú. "Yọ ìranù yẹn kúrò. Gbé e wá."

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n nà.

A jáde sí àgbàlá. Jíjù àkọ́kọ́, òjé ò ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ márùn-ún lọ. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n Dókítà tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n ní, "Okùn ń lu nǹkan kan. Òrùka ńlá yẹn ti sún mọ́ mi jù. Gbé e síwájú." Mo tú tépù, mo sún un ní ìwọ̀n ìka méjì. Wọ́n tún jù ú, ó lọ díẹ̀ sí i. "Sún un sí i." Mo tún sún un ní ìka kan. Ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀pá rírọ̀ yẹn gba gbígbọ̀n náà mọ́ra, kò gbé e dé orí. Wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n jù ú. Mi ò gbọ́ ìró kankan. Òjé fò kọjá ọkọ̀ wọn, ó kọjá tánkì omi, ó fo ògiri, a sì gbọ́ ọ bó ṣe dún gbì lórí páànù aládùúgbò.

"Ta ló ń sọ òkò sílé onílé?" Aládùúgbò ló ń pariwo.

"Èmi ni!" Dókítà dáhùn, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé ó yege. "Èmi ni o! Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi sọ ọ́!"

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Èmi náà ò mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì.

Mo gbé ọ̀pá náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi òwú tín-ínrín wé ẹsẹ̀ òrùka márààrún, mi ò fún un le ju bó ṣe yẹ lọ, mo fi fáníṣì kan ṣoṣo pa á lára. Ó dán níwọ̀nba. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀pá àtijọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí mi ò kọ́kọ́ na tépù oníwèé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n sì sàmì sí ibi tí òrùka kọ̀ọ̀kan wà kí n tó mú abẹ. Ìwé ara ògiri ṣì wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀pá tuntun. Tí oníbàárà bá ní kí n fi èyí tó nípọn sí ọ̀pá àtijọ́ rẹ̀, màá ní rárá, tó bá sì bá mi jiyàn, màá sọ ìtàn ara mi fún un láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ràsákì ní mo ti ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí etí ọ̀sà. Èmi tí mi ò fẹ́ràn omi, mo lọ. Màmá sọ fún mi lọ́nà pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ òkò sílé onílé, ọwọ́ ọ̀tún ni Dókítà fi ń jẹun, wọ́n ń da ọbẹ̀ sára aṣọ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá wọn nù ún. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn wà lẹ́bàá omi, wọ́n ń yọjú wò wọ́n. Dókítà dúró, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n jù ú. Okùn lọ láìsọ̀rọ̀, ó jìnnà dé ibi tí ojú mi ò ti rí òjé mọ́. Kò pẹ́, ọ̀pá náà tẹ̀ láti orí dé ìdí, gẹ́lẹ́ bó ṣe tẹ̀ sára ògiri mi, epìyà kan tí kò tó ẹ̀bà ẹnì kan sì jáde. Wọ́n yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n dá a padà. Mo fẹ́ẹ̀ bọ́ sómi lọ mú un.

Dókítà gbé ọ̀pá fún Màmá, wọ́n nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ṣòkòtò, wọ́n sì nà án sí mi. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fún un mọ́ tèmi, wọ́n tún fún un sí i, títí eegun ìka mi fi ń dún.

Mo ní, "Dókítà, ẹ rọra sà, ó ń dùn mí."

Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọn ò sì jù mí sílẹ̀.